Folic acid àti Paludrine, tàbí hydroxyurea?

Láti kékeré ni àbúrò mi ní Múṣin, tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ti ń lo folic acid àti Paludrine. Èkíní ń bá ara ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, èkejì ń dènà ibà. Ó dáa, àmọ́ wọn kì í dá ẹ̀jẹ̀ lẹ́kun kó má tẹ̀ bíi dòjé.

Iṣẹ́ oògùn hydroxyurea nìyẹn. Ó ń mú irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń lò, tí kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀, pọ̀ sí i, ìrora egungun á sì dín kù. Òun ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má lọ fúnra yín rà á ní kẹ́míìsì o! Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ funfun, èyí tó ń bá àrùn jà nínú ara, lọ sílẹ̀ jù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa wáyé déédéé. Ẹni tó bá fẹ́ lóyún, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Àbúrò mi ń fi bírò pupa sàmì ọjọ́ àyẹ̀wò sára kálẹ́ńdà ilé ìdáná. Folic acid rẹ̀ ṣì wà lórí fíríìjì. Kò pa á tì.