Mo Fi Aṣọ Irun Àgùntàn Sáré, Mo Sì Fi Gun Òkè: Ohun Tí Ojú Mi Rí

Kí n tètè sọ ọ́: tó bá jẹ́ pé ibi tí òjò àti òtútù kì í ti í fi ara wọn sílẹ̀ lẹ ń gbé, tí ẹ sì fẹ́ràn láti máa rìn tàbí láti máa sáré níta, aṣọ tí wọ́n fi irun merino hun, ìyẹn irú àgùntàn kan tí irun rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó owó tí wọ́n ń pè é. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn tàbí Èkó lẹ ti ń sáré ní tiyín, ẹ fowó yín sápò.

Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé. Bí a bá wọ ọkọ̀ ojú irin níbí, kò pẹ́ tí a ó fi dé abúlé Edale ní Peak District, agbègbè olókè kan. Àwọn òkè ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga. Mítà 517 ni Mam Tor, Kinder Scout tó ga jù lọ níbẹ̀ kò sì ju 636 lọ. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ ni kò ṣeé fọkàn tán. Oòrùn lè máa ràn nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹ tó dé orí òkè, kùrukùru á ti bolẹ̀, atẹ́gùn á sì máa gbá yín létí.

Ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn ni mo rà, irú èyí tí a ń wọ̀ mọ́ra kí a tó wọ nǹkan mìíràn lé e. Kì í ṣe ti Icebreaker tàbí Smartwool tí òkìkí wọn kàn. Ilé ìtajà kan ló ń fi orúkọ ara rẹ̀ tà á. Merino pọ́ńbélé ni, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 200 ní mítà onígun mẹ́rin kan. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lára páálí: 150 fẹ́lẹ́, eré sísá ló dára fún, 250 nípọn, ti òtútù gidi ni. Owó rẹ̀ lé ní 60 pọ́n-ùn, ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e kù o.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá kì í yún ara. Kì í yún mi. Irun àgùntàn tó bá nípọn, ṣóńṣó rẹ̀ kì í tẹ̀, ṣe ló ń gún awọ ara. Ti merino tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ àwọ̀mọ́ra kì í sábà nípọn ju máíkírónì 20 lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírónì ló wà nínú mìlímítà kan), nígbà tí irun orí èèyàn sábà máa ń lé ní 50. Bó bá ti kan awọ ara, ó ti tẹ̀.

Ìgbà tí a bá dúró ni mo máa ń mọ rírì rẹ̀ jù. Ẹni tó ń gun òkè kì í mọ òtútù, òógùn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ wá dúró mu tíì! Síńgílẹ́ẹ̀tì olówùú á ti mu òógùn yó, á lẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, eyín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn. Ní ti merino, inú irun náà fúnra rẹ̀ ni ọ̀rinrin ń wọ̀ lọ. Ó lè gbà tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lára pé ó rin. Bó sì ṣe ń fà á mu, ó ń tú ooru díẹ̀ jáde. Ẹ má retí hítà o, ooru náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti gbà yín lọ́wọ́ òtútù òjijì yẹn.

Lọ́jọ́ kan lórí Kinder, òjò ń ṣe winniwinni láti àárọ̀, àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ó ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òtútù ò mú ẹ̀yin ni?" Mo ní kó fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi níbi tí báàgì wà. Ó fọwọ́ kàn án, ó yára fà á kúrò: "Há! Ó mà ti rin gbingbin!" Lóòótọ́ ló rin, àmọ́ n kò gbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ òórùn wá ńkọ́? Políẹ́sítà tí wọ́n fi ń ṣe jẹ́sì máa ń di epo ara mú. Ẹ lè fọ̀ ọ́ kó mọ́ tónítóní, bí ara yín bá tún ti gbóná sí i, òórùn àná á dìde. Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí jẹ́sì mi sùn nínú yàrá: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé aṣọ yẹn síta." Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ nípa ti merino. Mo máa ń wọ̀ ọ́ sá parkrun, eré ọ̀fẹ́ tí a jọ ń sá nínú ọgbà ìgbafẹ́, láàárọ̀ Sátidé, màá fi há ojú fèrèsé, màá tún wọ̀ ọ́ jáde lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

Àléébù rẹ̀ ò kéré o. Okùn báàgì ti jẹ ẹ́ ní èjìká, ó ti ń fẹ́lẹ́ níbẹ̀, mo tilẹ̀ ti fi abẹ́rẹ́ rán ojú ihò kan. Kì í tètè gbẹ bíi políẹ́sítà. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìwọ̀n 30 Sẹ́síọ́ọ̀sì péré, ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má kó o sínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbẹ aṣọ, ẹ sì má fi ọṣẹ tí wọ́n kọ "bio" sí lára fọ̀ ọ́, nítorí èròjà tó ń jẹ àbàwọ́n ẹyin àti ẹ̀jẹ̀ nínú ọṣẹ yẹn lè jẹ irun náà pẹ̀lú. Kòkòrò aṣọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Ìdin rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, kì í ṣe èyí tí ẹ rí tó ń fò. Ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́ kí ẹ tó kó o pa mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí, kí ẹ sì di ẹnu ọ̀rá rẹ̀ dáadáa.

Mo gbé e lọ sí Ìbàdàn nígbà òjò, mo fi sáré nínú UI. Kò bá ibẹ̀ mu. Òógùn pọ̀ ju ohun tó lè gbà lọ, ó wúwo, kò sì gbẹ títí mo fi délé. Jẹ́sì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà ní Dùgbẹ̀ sàn jù ú lọ fíìfíì.

Bí owó ṣẹ́ẹ̀tì bá ga jù fún yín, ìbọ̀sẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kì í sábà lé ròrò mọ́ láti ìgbà tí mo ti ń wọ ti merino, kódà nígbà tí bàtà bá rin. Ẹ ṣáà rí i pé wọ́n fi náílọ́ọ̀nù díẹ̀ sí i, torí èyí tó bá jẹ́ irun nìkan máa ń tètè lu ní gìgísẹ̀.