freeCodeCamp: èrò aládìrẹ kan láti Ìtókù

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtókù, èmi fúnra mi ni mo sì ń rẹ ẹ́. Àwọn oníbàárà tó wà ní Èkó àti ní òkè òkun ló ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí gbogbo ọjà mi lójú kan, mi ò sì fẹ́ máa sanwó fún ẹlòmíì ní gbogbo ìgbà tí iye aṣọ bá yí padà. Bí mo ṣe dé orí freeCodeCamp nìyẹn, ojú òpó tí wọ́n ti ń kọ́ni ní kóòdù, ìyẹn àwọn ìlà tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà kó lè gbé ojú òpó jáde. Mo ti gba ìwé-ẹ̀rí Responsive Web Design wọn, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ṣe ojú òpó tó máa bá ojú fóònù àti ti kọ̀ǹpútà mu, àwọn ọmọṣẹ́ mi méjì sì ń kọ́ ọ lọ́wọ́.

Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀fẹ́ pátápátá. Wọn ò ní gba nọ́ńbà káàdì báńkì yín, wọn ò sì ní bi yín bóyá ẹ yege WAEC. Quincy Larson, ọmọ Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ ní 2014, owó ìtọrẹ ni wọ́n sì fi ń gbé e ró. 3MTT, ètò tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023 láti fi kọ́ni ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, dára, ṣùgbọ́n ènìyàn 30,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìpele àkọ́kọ́, ẹni tí wọn ò bá mú á dúró de ìgbà míì. freeCodeCamp kò ní ìlà tí ènìyàn ń tò. Tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù tán lálẹ́ òní, ẹ lè bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ni ló wù mí jù. Wọn kì í kó àlàyé lé yín lórí kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Ojú ìwé kan tó ní àwòrán olóńgbò ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ẹ ó kọ ìlà kan, ẹ ó rí ohun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ó tún kọ òmíràn. Tí ẹ bá gbàgbé àmì kan, wọ́n á sọ ohun tó kù, ẹ ò sì ní lọ síwájú àfi tí ẹ bá tún un ṣe. Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà nìyẹn: ìyẹ́ adìẹ la máa ń fi lé e lọ́wọ́, kó máa fa ìlà sórí àkísà títí ọwọ́ rẹ̀ á fi rọ̀.

Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àwọ̀, ara mi yá gágá. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni wọ́n ń pò pọ̀, nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lọ láti 0 dé 255. Èyí tí wọ́n pè ní indigo níbẹ̀, ìyẹn aró ní Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ 75, 0, 130. Ẹni tó bá ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò ẹ̀lú rí máa mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé elésè àlùkò nìyẹn, kì í ṣe aró. Mo gbé aṣọ tó mu aró dáadáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, mo sì ń yí nọ́ńbà títí àwọn méjèèjì fi jọra. Mo dín pupa kù gan-an, mo fa búlúù wálẹ̀. Àwọ̀ yẹn ló wà lókè ojú òpó mi dòní.

Adití ni ọmọṣẹ́ mi àgbà, ṣùgbọ́n ó mọ̀wé kà dáadáa. Ó ti lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà nílùú yìí: olùkọ́ á kọjú sí pátákó, á máa sọ̀rọ̀ lọ, ọmọ náà ò rí ètè rẹ̀, wọ́n sì ti gba owó tán. Lórí freeCodeCamp, kíkọ ni wọ́n ń kọ ìtọ́ni, kíkọ náà ni wọ́n ń kọ àtúnṣe. Kò sí ohun tó ń fo òun nìkan dá. Ó ti yára jù mí lọ, òun ló ń fọwọ́ júwe ibi tí mo ti gbàgbé àmì fún mi. Mo fẹ́ kí gbogbo òbí tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta gbọ́ èyí.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ kíkọ ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í jẹ dátà púpọ̀. Àwọn fídíò gígùn wọn tó wà lórí YouTube lọ́tọ̀ ló máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wá láptọ́ọ̀pù, ì báà ṣe àlòkù, torí pé àtàǹpàkò ò ṣeé fi kọ kóòdù pẹ́ lórí fóònù. Ẹ sì fọkàn sí i pé á gba àkókò: wákàtí 300 ni wọ́n fi díwọ̀n èyí tí mo ṣe.

Ìwé-ẹ̀rí yẹn nìkan ò ní fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Iṣẹ́ márùn-ún tí ẹ máa dá ṣe kí ẹ tó gbà á ló ṣe pàtàkì, torí ìyẹn lẹ lè fi han ẹni tó fẹ́ gbà yín. Mo fi àdìrẹ mi ṣe ojú ìwé ọjà tó wà nínú wọn. Àwọn kan ń sọ fún mi pé kí ni mo ń dààmú sí nígbà tí ẹ̀rọ AI lè kọ gbogbo rẹ̀. Mo ti ní kó kọ ọ́. Ó kọ ọ́, ó sì lẹ́wà, àmọ́ fọ́ọ̀mù tí oníbàárà fi ń béèrè ọjà kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ síbì kankan. Mo mọ ìlà tó yẹ kí n yẹ̀ wò nítorí pé mo ti fọwọ́ ara mi kọ irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọṣẹ́ mi kékeré ló ń dùn mí. JSS 2 ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ó lè wo aṣọ kó sì sọ iye ìgbà tó wọnú aró, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ń dá a dúró. Tí mo bá sọ ìtọ́ni náà ní Yorùbá fún un, á ti kọ kóòdù náà kí n tó dákẹ́. Wọ́n ti tú ẹ̀kọ́ yìí sí èdè Sípéènì, Potogí àti Jàpáànì, Swahili náà wà níbẹ̀, tiwa ò sí. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣe ìtumọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èdè méjèèjì, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, èmi àti ọmọ yìí á máa ka ohun tí ẹ bá kọ, a ó sì sọ ibi tí kò yé wa fún yín.