Mo sanwó kí wọ́n bá mi yẹ logline mi wò, ohun tójú mi rí rèé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tá a jọ ń kọ ìtàn fíìmù. Ó ti tó ẹni mẹ́ta tó bi mí bóyá owó tí mo san fún iṣẹ́ àtúnṣe logline yẹn tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan náà. ₦12,000 ni mo san. Wọ́n á ka iṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, olùkọ́ á fi voice note dá ẹ lóhùn lórí WhatsApp, ẹ ó tún ṣe kíláàsì kan lórí Zoom.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀, logline ni gbólóhùn kan, ó pọ̀ tán kó jẹ́ méjì, tó máa sọ ẹni tí ìtàn dá lé, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ohun tó ń wá, ohun tó dí i lọ́nà, àti ohun tó máa bàjẹ́ tí ò bá rí i ṣe. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n ń kọ sára pósítà, tagline nìyẹn. A kì í sì í sọ ìparí ìtàn níbẹ̀.

Ìtàn tèmi dá lórí obìnrin kan tó ń ka ìkéde òkú lórí rédíò n'Íbàdàn, tó wá bá orúkọ bàbá ẹ̀ nínú ọ̀kan nínú wọn. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ nìyí: "Àdùkẹ́ ti jìyà láti kékeré, àmọ́ lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́ ẹ̀ ní rédíò, ó gbọ́ ìròyìn kan tó yí ayé ẹ̀ padà, ó wá rí i pé kò sí àṣírí tí ò ní tú." Ó dùn létí mi gan-an nígbà yẹn. Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń taṣọ ní Gbági, ó ní ó dáa, ó sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Olùkọ́ yẹn ò bá mi tún ohunkóhun kọ o. Ìbéèrè mẹ́rin péré ló fi ránṣẹ́: Ta ni Àdùkẹ́? Ìròyìn wo? Kí ló fẹ́ ṣe sí i? Tí ò bá ṣe é ńkọ́? Ó ní orúkọ ò sọ nǹkan kan fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ tó ń ṣe ni kí n sọ, torí téèyàn bá ti gbọ́ "obìnrin tó ń ka ìkéde òkú" ó ti ń rí nǹkan lójú nìyẹn. Ó ní "tó yí ayé ẹ̀ padà" yẹn, ibi tí ìtàn mi ti dùn jù ni mo fi bò mọ́lẹ̀, mo wá ń fi pa mọ́ fún ẹni tí mo fẹ́ kó nawó sí i.

Ìbéèrè kẹrin ló dá mi dúró, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń rò ó, torí kò sí ìdáhùn nínú ìtàn mi rárá. Tí Àdùkẹ́ ò bá wádìí ọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀, kò sóhun tó máa ṣe é, ó máa padà sílé lọ jẹun ni. Mo sì ti kọ ogójì ojú ìwé o! Mo wá rí i pé ìtàn fúnra ẹ̀ ló níhò, kì í ṣe logline. Mo padà lọ fi ọ̀rọ̀ ilé sí i, pé orúkọ bàbá ló wà lórí ìwé ilé tí ìyá ẹ̀ ń gbé. Ibi yìí nìkan, lójú tèmi, ó ti tó ₦12,000.

Kíláàsì Zoom náà dáa. Wọ́n ní ká kọ logline fún Saworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn ẹ̀, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ọba tó kọ̀ láti mulẹ̀ kó lè rówó ìlú kó jẹ, àwọn míì láti ọ̀dọ̀ ìlù, àwọn kan láti ọ̀dọ̀ ọmọ tó yẹ kó joyè. Fíìmù kan náà ni, àmọ́ ẹni tó o bá fi ṣáájú ló ń sọ irú ìtàn tó jẹ́.

Ibi tí wọn ò ti ṣe dáadáa wá. Ìdáhùn kẹta pẹ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi retí ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó máa pẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ní logline ò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 35 lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wọn ìyẹn, wọ́n wá gbé e lé Yorùbá lórí. Ẹ wo "ń", "ti", "á", "ó", ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni kọ̀ǹpútà ń kà bí ọ̀rọ̀ kan! Ohun tó ń dààmú Yorùbá gan-an wọn ò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀: "tí" tó máa ń gun ara wọn lórí, bíi "obìnrin tí bàbá ẹ̀ tí ìyá ẹ̀ sọ pé tí...", àti "ó" tí ò jẹ́ ká mọ̀ bóyá ìyá là ń sọ ni àbí ọmọ. Èmi fúnra mi ni mo wá ọgbọ́n sí i, mo gé "tí" kù, mo fi "òun" síbi tó yẹ. Ibi tí mo bá a dé nìyí:

"Nínú ìkéde òkú tó fẹ́ kà lórí rédíò, obìnrin kan bá orúkọ bàbá ẹ̀ tí wọ́n ní ó ti kú láti ogún ọdún, kó tó di Sátidé tí wọ́n máa sìnkú, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọmọ olóògbé lòun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á lé ìyá ẹ̀ kúrò nílé."

Ọ̀rọ̀ 49 ni. Wọ́n dá a padà pé ó gùn. Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù, aṣọ tó ń wọ̀n fún oníbàárà ló gbé sílẹ̀, ó ní "Dúró ná, ta ló parọ́ fún un, ṣé ìyá ẹ̀ ni?" Oníbàárà náà ní ìyá ni, kí ló tún kù. Mi ò gé e kù mọ́.

Tó o bá ní ìtàn lọ́wọ́ tó ò mọ ohun tó ń ṣe é, sanwó yẹn, wọ́n á bi ẹ́ ní ìbéèrè tó yẹ. Tó bá jẹ́ Yorùbá lo fi ń kọ, kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè bóyá ẹni tó máa ka tìẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa kó o tó fowó ránṣẹ́. Mo ti kọ ìyẹn sí wọn náà, wọ́n ní àwọn ń wá ẹnì kan.