Ohun Èlò Ọ̀fẹ́ Tí Ọmọdé Fi Ń Kọ́ Ìṣirò àti Kóòdù: Àgbéyẹ̀wò Mẹ́fà Lára Wọn

Ohun tí ọmọdé lè fi kọ́ ìṣirò àti kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí a ń tò fún kọ̀ǹpútà, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ jaburata, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dùn ún wò. Àwòrán àti orin kọ́ ni mo fi ń ṣèdájọ́ wọn. Ohun tí mo máa ń wò ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ṣì í ṣe. Bí ariwo “o ti gbà á sódì” nìkan bá jáde, tí ọmọ sì lè máa tẹ ìdáhùn kan tẹ̀lé òmíràn títí yóò fi ṣèèṣì bá èyí tó tọ̀nà, eré lásán ni. Bí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí iṣẹ́ náà ti wọ́, tó sì lè tún un ṣe, ẹ̀kọ́ ti wọlé nìyẹn. Ojú tí mo fi wo Khan Academy, Scratch, ScratchJr, Code.org, Blockly Games àti GeoGebra nìyí.

Fún ìṣirò, Khan Academy ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Àjọ tí kì í wá èrè ni, Sal Khan ló dá a sílẹ̀ ní 2008. Kò sí ìpolówó ọjà níbẹ̀, ìṣirò ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ení, èjì títí dé ìṣirò àgbà tí wọ́n ń pè ní calculus. Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í lò ni pé wọ́n á mú kíláàsì tí ọmọ wà, wọ́n á ní kó máa wo fídíò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á wò ó, á máa mi orí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fún un ní bírò, kò ní lè ṣe é. Ìdánrawò tó wà lẹ́yìn fídíò ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ mú kíláàsì tí ọmọ ti kọjá, kí ẹ jẹ́ kó ṣe “Course challenge” rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan. Láti inú gbogbo kíláàsì náà ni ìbéèrè rẹ̀ ti ń wá, nítorí náà á hàn kedere ibi tí ìpìlẹ̀ ti jò, ibẹ̀ sì ni kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ìwé àti pẹ́ńsù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Bí ọmọ bá tẹ hint, ìyẹn ìrànlọ́wọ́, a ó ka ìbéèrè yẹn sí èyí tó kùnà. Àwọn ọmọ kan á torí èyí bẹ̀rù láti tẹ̀ ẹ́ rárá. Àwọn mìíràn á tẹ gbogbo rẹ̀ dópin, wọ́n á da ìdáhùn kọ, wọ́n á sì kọjá lọ. Ohun tó dára ni kí ó tẹ ìlà kan ṣoṣo, kó padà sórí ìwé, kó parí èyí tó kù fúnra rẹ̀. Ẹ tún sọ fún un ṣáájú pé ipò tó bá gbà, yálà “Familiar”, “Proficient” tàbí “Mastered”, lè já wálẹ̀ bó bá kùnà ìbéèrè lórí ẹ̀kọ́ kan náà nínú ìdánwò tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é kí ohun tó ti gbàgbé lè hàn.

Ibi tí Khan Academy ti nílò àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ni ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ wo ọmọ tó kọ 2/7 sílẹ̀ fún 1/3 + 1/4: ó ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Wọ́n á fi hàn án pé kó sọ ìsàlẹ̀ méjèèjì di 12, kó ní 4/12 + 3/12, ìyẹn 7/12. Ọ̀nà náà tọ́, àmọ́ ọmọ lè há a sórí láìmọ ìdí tí 2/7 kò fi lè jẹ́ ìdáhùn láéláé. Ẹ bi í pé: nínú 1/3 àti 2/7, èwo ló tóbi jù? Bó bá sọ méjèèjì di ìdá 21, á rí 7/21 àti 6/21. Ó fi nǹkan kún 1/3, ohun tó kó jọ wá kéré sí 1/3! Ìbéèrè kan yìí máa ń tán ìṣòro tí ogún ìdánrawò kò tán.

Fún kóòdù, Scratch ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, mi ò sì rí èyí tó súnmọ́ ọn fún ọmọ ọdún 8 sí 16. Ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2007. Búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ mèremère, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àṣẹ kan fún kọ̀ǹpútà, ni ọmọ ń so pọ̀, nítorí náà àṣìṣe àmì tàbí sípẹ́lì kò ní dá a dúró. Ó tún jẹ́ ibi tí ìṣirò àti kóòdù ti pàdé, iṣẹ́ tó sì fi í hàn jù ni yíya onígun.

Lórí ìkànnì Scratch, ẹ tẹ “Create”. Ní igun òsì nísàlẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì àfikún, kí ẹ yan “Pen”. Lábẹ́ “when green flag clicked”, kí ọmọ to “erase all”, “go to x: 0 y: 0”, “point in direction 90” àti “pen down”. Lẹ́yìn náà, “repeat 3”, kó fi “move 100 steps” àti “turn” sínú rẹ̀. Iye wo ni kó kọ síwájú “turn” kó lè ya onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba? Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ 60, torí wọ́n ti kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ pé 60 ni igun inú rẹ̀. Nígbà tó bá tẹ àsíá, ìlà mẹ́ta tí kò padé ló máa rí, ìdajì onígun mẹ́fà. Ẹ má sọ ìdáhùn fún un. Ẹ ní kó dìde, kó rin onígun mẹ́ta náà lórí ilẹ̀. Á rí i pé igun ìta ni òun ń yí, 180 yọ 60, ìyẹn 120, àti pé nígbà tó bá padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti yí 360 gẹ́lẹ́. Láti ibẹ̀ ló ti máa rí i fúnra rẹ̀ pé onígun mẹ́rin jẹ́ 90, onígun márùn-ún 72, onígun mẹ́fà 60.

Bó bá dé onígun méje, ìṣòro tuntun dé. Bó bá kọ 51, 357 ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́, ìlà ìkẹyìn kò ní pàdé èyí àkọ́kọ́ dáadáa. Búlọ́ọ̀kù pínpín tó wà ní “Operators” ni kó lò, kó fi 360 / 7 sínú rẹ̀ kí ẹ̀rọ pín in fúnra rẹ̀. Kó sì dín 100 kù sí 60, torí láti àárín, ìtàgé Scratch kò ju 180 lọ sókè àti 180 sísàlẹ̀. Bí ológbò Scratch tó ń ya ìlà náà bá kọjá etí, àwòrán á bàjẹ́, ọmọ á sì rò pé ìṣirò òun ni kò dáa.

Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe géèmù, àṣìṣe mẹ́ta ló ń wọ́pọ̀. Bí “if touching”, tó ń wò ó bóyá nǹkan méjì kan ara wọn, bá wà níta “forever”, tó ń tún iṣẹ́ ṣe láìdúró, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Scratch máa yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí wọ́n tẹ àsíá, lẹ́yìn náà kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí máàkì bá fò láti 0 sí 25 lórí ìfọwọ́kàn kan, ìdí ni pé “forever” ń yí bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń kà á lẹ́ẹ̀kan síi ní gbogbo ìgbà tí nǹkan méjèèjì bá ṣì kan ara wọn. Kí ohun tí wọ́n mú sá lọ síbòmíràn kíákíá ni oògùn rẹ̀. Bí máàkì àná bá sì ṣì wà níbẹ̀ lónìí, “set score to 0” ni kò sí lábẹ́ àsíá.

Code.org, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, dára fún ọmọ tí kò tíì fọwọ́ kan kóòdù rí. Àlọ́ kéékèèké ló ń yanjú, èyí tó ń bọ̀ sì le díẹ̀ ju èyí tó lọ. Ẹ̀kọ́ “unplugged” wọn tí kò nílò kọ̀ǹpútà rárá wúlò púpọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀nà ti wà nílẹ̀. Ọmọ tó parí gbogbo rẹ̀ lè dé iwájú ojú ìwé òfìfo kó má mọ ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹ máà jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ kó tó bọ́ sí Scratch.

Blockly Games kúrú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò béèrè orúkọ, kò béèrè íméèlì, ẹ sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú “Maze”, iye búlọ́ọ̀kù tí ọmọ lè lò ní gbèdéke, èyí ló ń mú kí ọmọ wá ọ̀nà tó kúrú. Lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, á fi kóòdù tí a kọ ní JavaScript, ìyẹn èdè kóòdù tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tẹ̀, tó dúró fún ohun tó tò hàn án.

ScratchJr wà fún ọmọ ọdún 5 sí 7, orí tábúlẹ́ẹ̀tì ló sì dára jù. Kò nílò kíkà, torí àmì ló wà lórí búlọ́ọ̀kù. Kò ní “if”, kò sì ní ibi tí máàkì lè gbé, nítorí náà ọmọ tó bá ti fẹ́ ka máàkì ti dàgbà jù ú lọ.

GeoGebra, ohun èlò tí wọ́n fi ń ya àwòrán ìṣirò, kì í fúnni ní ìdánrawò lẹ́sẹẹsẹ bíi Khan Academy, àwọn ọmọ tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ló sì yẹ. Kí ọmọ ya onígun mẹ́ta, kó wọn igun rẹ̀, kó wá máa fa orí kan kiri. Igun á máa yí padà, àròpọ̀ wọn kò ní kúrò ní 180. Bó bá rí 179.99, ojú ẹ̀rọ ló gé nọ́ńbà kúrú.

Ẹ̀yin tí íntánẹ́ẹ̀tì yín kì í dúró, Scratch ní ápù tó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà fún Windows, macOS, ChromeOS àti Android. Fóònù kéré jù fún un; búlọ́ọ̀kù á há, ọwọ́ á sì ṣì. Fún ilé ẹ̀kọ́, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Kolibri lè kó ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ Khan Academy sórí kọ̀ǹpútà kan, kí àwọn yòókù máa gbà á lára rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ọmọ kò bá ní àkáǹtì Scratch, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ á lọ tó bá ti ojú ìwé náà pa. Kó tẹ “File”, kó yan “Save to your computer”. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí “.sb3” ló máa jáde, òun náà ló sì máa fi “Load from your computer” gbé padà. Bó bá ṣí àkáǹtì, ẹ lo íméèlì tiyín, ẹ má fi orúkọ rẹ̀ gan-an ṣe orúkọ ìwọlé, kí ẹ sì pa ibi ìdásí ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tó bá pín fáráyé. Iṣẹ́ tí kò bá tẹ “Share” fún, àwọn ará ìta kò ní rí i.