Kíláàsì míṣọ̀n fáwọn tó fẹ́ jápa l'Ógbómọ̀ṣọ́: Sátidé ló ni ín, ẹ fi alẹ́ Jímọ̀ sílẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń da ìbéèrè bò mí látìgbà tí mo ti fi fọ́tò kíláàsì kan sórí sítétọ́ọ̀sì, pé kíláàsì kí ni, báwo ló sì ṣe rí, ó dáa, mo ti ráyè. Kíláàsì tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ń ṣe lápá Tákié fáwọn tó ń múra àtilọ sókè òkun ni. Wọ́n ní kéèyàn tó wọ bàálù kó ti kọ́ bó ṣe máa jẹ́ míṣọ́nnárì níbi tó ń lọ, láìjẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì kankan ló rán an tàbí ló ń sanwó oṣù fún un, kó máa ṣe nọ́ọ̀sì ẹ̀ lọ, kó máa ka ìwé ẹ̀ lọ, kó sì máa ṣiṣẹ́ Olúwa nínú ẹ̀. Alẹ́ Jímọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán Sunday ló parí. ₦7,500 ni wọ́n ń gbà, ìwé kékeré kan wà nínú ẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán Sátidé wà nínú ẹ̀, sàtífíkéètì náà wà níbẹ̀ (ẹ́ḿbásì kankan ò ní béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín o, kẹ́nikẹ́ni má tàn yín).

Ẹ jẹ́ n tètè kúrò lórí alẹ́ Jímọ̀ torí kò tó nǹkan. Aago mẹ́fà ni wọ́n kọ sórí páálí ìpolówó, aago méje ti kọjá dáadáa ká tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò tètè dáhùn, ìgbà tó sì dáhùn tán, ariwo ẹ̀ ń bá tíṣà du ọ̀rọ̀ sọ. Tíṣà ọ̀hún wá ń ka ohun tó wà lára ògiri fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ka ti àwọn ìpàdé àgbáyé lórí iṣẹ́ míṣọ́nnárì, ó ka ti Edinburgh 1910, ó ka ti Lausanne 1974, ó ka ti Cape Town 2010, ó ka ti Seoul 2024, ó ka á pé àjọ UN ní àwọn tó ń gbé nílẹ̀ tí kì í ṣe ibi tí wọ́n bí wọn sí ti tó mílíọ̀nù 304 lágbàáyé lọ́dún 2024. Gbogbo ẹ̀ jóòótọ́, àmọ́ ta ló ń ka irú ẹ̀ fún ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé tébi sì ń pa? Nǹkan kan ṣoṣo tó jẹ́ kí n gbórí sókè ni pé ní Edinburgh yẹn, nínú èèyàn tó lé ní 1,200 tó pé jọ láti sọ bí ìhìnrere ṣe máa dé gbogbo ayé, ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú kan péré ló wà níbẹ̀, Mark Hayford, ará Gold Coast, Ghana òní. Ẹnì kan o! Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n lọ ń sọ. Tíṣà kàn kà á kọjá, ó ti bọ́ sórí Lausanne.

Sátidé wá dé, mo rò pé ọ̀tọ̀ làwọn tó ṣètò ọjọ́ yẹn.

Mọ́mì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀kọ́ ìtàn ló fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ló kọ́kọ́ gba máìkì, kò lo páwápọ́ìntì kankan, ó ní ká pa fóònù. Ó bi wá pé ta ló mú ìgbàgbọ́ wá sílẹ̀ Yorùbá, gbogbo wa ní òyìnbó, ó ní òyìnbó wo, ẹnì kan lẹ́yìn kígbe pé Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi tó wá láti Amẹ́ríkà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kẹ̀, níbi tí wọ́n ti dá sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní 1898 tí ọsibítù wọn sì ti wà láti 1907, kí la tún fẹ́ dáhùn? Mọ́mì ní ó dáa, Bowen gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, 1855 ló dé Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló bá nílẹ̀? Ibẹ̀ ló ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u fún wa. Àwọn Sàró. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí ọkọ̀ ológun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n já sí Sierra Leone, tí wọ́n gba Jésù níbẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti bíi 1839. Àwọn wọ̀nyí ló ránṣẹ́ sí Freetown pé kí wọ́n wá fún àwọn ní àlùfáà, kí àwọn míṣọ́nnárì bíi Freeman àti Townsend tó dé ní 1842. Ó kan Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣogùn, ẹ̀bá Ìsẹ́yìn níbí, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí, 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, 1864 ló di bíṣọ́ọ̀bù. Mọ́mì ní "Ta ló fún Àjàyí ní fisa? Àwọn tí wọ́n fipá lé kúrò nílé ló gbé ìhìnrere dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin wá ń rò pé tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ gba páálí tán ni iṣẹ́ Ọlọ́run máa tó bẹ̀rẹ̀."

Ó tún padà sórí Bowen, kò fi ọmọlúwàbí yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ogun ò jẹ́ kó ráyè wọ inú ilẹ̀ lọ, ló bá jókòó s'Ábẹ́òkúta, ó kọ́ Yorùbá, ìgbà tó di 1858 ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó ṣe jáde l'Amẹ́ríkà. Ó wá kọjú sí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ti sọ pé Jámánì lòun ń lọ, ó ní "Ìwọ ńkọ́, o ti kọ́ èdè wọn débo?" Arákùnrin yẹn ní iléèwé tóun ń lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni. Mọ́mì ṣáà ń wò ó. Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yìn Mọ́mì ni Bàbá kan jáde, òun gan-an ló jẹ́ kí n sọ pé owó mi ò ṣòfò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, àmọ́ Tamale lókè Ghana ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀yin ọmọ ìlú mọ̀ pé agbo ilé tí ò ní ẹni tó lọ ṣòwò ní Ghana láyé ijọ́un ò pọ̀, wọ́n á lọ, wọ́n á ta aṣọ, wọ́n á ta ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á ta bátìrì, wọ́n á fowó ránṣẹ́ kọ́lé. Ibi tí wọ́n bá sì tẹ̀dó sí, tí ìdílé mélòó kan bá ti pé, wọ́n á dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀, òyìnbó kankan ò rán wọn. Bàbá ní òun rántí tiwọn dáadáa. Bíbélì Yorùbá, orin Yorùbá, ìwàásù Yorùbá, aṣọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìdúpẹ́, àfi bí ẹni pé Òkè-Ẹlẹ́rin lẹ wà. Lọ́jà, èdè Dagbani ni wọ́n fi ń nájà, òun ni wọ́n fi ń bú èèyàn, òun làwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Tó bá ti di Sunday, ó di Yorùbá. Àwọn Dagomba, onílẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n jọ ń fògiri tira ò mọ bí inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣe rí, kò sì sẹ́ni tó lé wọn o, kò kàn sẹ́ni tó pè wọ́n ni.

Oṣù kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí ò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ju ọjà sílẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, bí àwọn onígbèsè ṣe ń fi pákó há ilẹ̀kùn torí wọ́n mọ̀ pé tí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti pé, gbèsè ti kú nìyẹn. Àmọ́ ó ní ohun tí bàbá òun ń sọ títí tó fi kú kì í ṣe ti ọjà. Àwọn díákónì jókòó láti mọ ẹni tí wọ́n máa fún ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wo ìjọ látòkè délẹ̀, gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló ń di ẹrù. Wọn ò rí ẹni fún.

Arábìnrin kan dìde, inú ń bí i díẹ̀, ó ní "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn máa fi èdè ẹ̀ sin Ọlọ́run ni? Èèyàn ṣiṣẹ́ láti Monday, wọ́n ń fojú àjèjì wò ó, ṣé ọjọ́ Sunday náà kó tún lọ máa sọ èdè ẹlòmíì?" Ìbéèrè gidi lèyí, èmi gan-an fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ mi, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ló bọ́ àwọn, òun ló sìnkú àwọn, òun ló so àwọn pọ̀, òun ò lè sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa. Ó ní ohun tóun ń sọ ò ju pé ká fi ìjókòó méjì sílẹ̀ fún onílé. Ó sì tún sọ ọ́ pé Onítẹ̀bọmi ò kú ní Ghana, ó wà níbẹ̀ dòní, àwọn ọmọ ilẹ̀ ló ni ín báyìí. Kò gbàgbé tiwa náà, ó ní 1983 ńkọ́, tí àwa náà lé àwọn ará Ghana jáde? Àpò Ghana-must-go tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín yẹn, ṣebí ẹ mọ ibi tó ti rí orúkọ.

Oúnjẹ: láfún, ewédú, ẹran méjì, ó gbóná. Ní ìlú Ajílété níbi tí wọ́n ti ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ, tí wọ́n bá gbé ráìsì inú ike wá ni mi ò bá ti kọ nǹkan míì síbí.

Lẹ́yìn oúnjẹ wọ́n pín wa ní méjì-méjì, wọ́n ní ká máa lọ Sábó. Òfin tó wà níbẹ̀ dùn mọ́ mi: kò sí ìwé àṣàrò, kò sí ìwàásù, fowó ara ẹ ra nǹkan, tí wọ́n bá ní kó o jókòó kó o jókòó, béèrè nípa ilé wọn, kó o wá ròyìn ohun tó o gbọ́. Èmi àti ọmọ LAUTECH kan la jọ lọ, a bá onítíì kan, ará Maradi ní Niger, Yorùbá ẹ̀ dá ṣáká ju Haúsá àwa méjèèjì lọ, Haúsá èmi ò kúkú kọjá sannu. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń lọ sílé nígbà òjò láti dáko, ó ní látìgbà tóun ti wà l'Ógbómọ̀ṣọ́, oníbàárà tó bi òun pé ìlú wo lóun ti wá ò pọ̀. Ìgbà tí ẹnì kejì mi ti fẹ́ la ẹnu ìwàásù, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Àmọ́ níbí ni mo ti ní ẹjọ́ tiwọn. Wọn ò sọ fáwọn ará Sábó pé a ń bọ̀. Ẹni tó ń ta sùúyà, ikọ̀ tó lọ bá a ju ẹyọ kan lọ, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi í, títí ọkùnrin náà fi ní ṣé ẹ̀yin ìmígíréṣọ̀n ni. Ẹ ò lè máa fi èèyàn kọ́ṣẹ́ láìgbàṣẹ. Tó bá sì jẹ́ pé lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́ ká mọ bí a ṣe ń bá ẹni tí ẹ̀sìn ẹ̀ yàtọ̀ gbé, kí wọ́n bi wá nípa ilé wa, ìyá tó bí ìyá mi, Alhaja ni, ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ nínú gbọ̀ngán yẹn. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á.

Abala tó gbẹ̀yìn ọjọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì kan tó wá lo ìsinmi láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é. Ó dáa níbi tó dáa. Ó ní tí wọ́n bá fún ẹ ní arúgbó tọ́jú, tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ò lè dìde, kì í ṣe ẹni tó o máa fipá gbàdúrà lé lórí nìyẹn, iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ, ohun tó o sì ṣe ò dáa, tó bá fúnra ẹ̀ bi ẹ́ léèrè ìgbàgbọ́ ẹ, ìyẹn yàtọ̀. Ó tún sọ pé ìkànìyàn 2021 ní England àti Wales, àwọn tó pe ara wọn ní Kristẹni jẹ́ 46.2%, àwọn tó ní àwọn ò ní ẹ̀sìn kankan jẹ́ 37.2%, pé ọ̀pọ̀ wọn ò bínú sí Ọlọ́run, wọn ò kàn rò ó sí ni. Ibi tí kò ti dáa ni ìwé tí wọ́n pín fún wa. Ojú ewé tó sọ nípa fisa àwọn olùtọ́jú arúgbó ti di ìtàn, láti oṣù kẹta 2024 ni wọn ò ti gbà kí wọ́n mú ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́, oṣù keje 2025 ni wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí wọ́n ń gbà láti òkè òkun. Ọmọ ẹlòmíì á ka ìwé yẹn, á lọ kówó fún àjẹ́ńtì o.

Mo bi nọ́ọ̀sì náà ní ìbéèrè Bàbá: àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa tó kún London, ọdún mélòó ló máa gbà kí òyìnbó tó jókòó sínú wọn? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ń gbìyànjú, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì. Mo fẹ́ kó dúró lórí ẹ̀. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe, Sunday Adelaja, ọmọ Yorùbá tó lọ kàwé ní Soviet, dá ìjọ sílẹ̀ ní Kyiv ní 1994, àwọn ará Ukraine funfun ló kún ibẹ̀ jù, ẹ jẹ́ ká fi ti àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èdè Rọ́ṣíà tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀ ló fi wàásù fún wọn. Tí kíláàsì yìí bá lè bi ẹni tó ń lọ pé "ta lo máa fún ní kọ́kọ́rọ́," kó sì jẹ́ kó sọ orúkọ ìlú tó ń lọ àti èdè tó máa kọ́ kó tó gba sàtífíkéètì, á sàn ju gbogbo àtẹ Edinburgh yẹn lọ.

Sunday, ìsìn ni, wọ́n gbàdúrà fún wa, wọ́n ya fọ́tò, ó tán.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú abẹ̀bẹ̀ dání, ẹ jókòó síwájú torí máìkì. Tí ẹ ò bá ní jápa rárá, tó jẹ́ pé Sábó lẹ ti ń ṣòwò tàbí pé ẹ gba àwọn ará Cotonou sílé, ẹ lọ náà, ẹ̀yin ni mo rò pé ó wúlò fún jù. Mo bi akọ̀wé wọn bóyá èèyàn lè san ti Sátidé nìkan, ó ní àwọn á jíròrò ẹ̀. Ẹ bá mi tún un bi tẹ́ ẹ bá débẹ̀.