Gẹ̀ẹ́sì, Ítálì àbí Faransé? Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Wò Lára Férémù Kẹ̀kẹ́ Eré-ìje Àtijọ́ Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó

Férémù tòkunbọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rà, àmì Reynolds 531 tó wà lára rẹ̀ ló wọ̀ mí lójú. Ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Reynolds, ọdún 1935 ni wọ́n sì gbé páìpù 531 jáde, ni mo bá gbà pé férémù Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo sanwó, mo gbé e délé. Nígbà tí mo fẹ́ yí ife irin tó ń gbé ọ̀pá pẹ́dà wọ inú rẹ̀, ó wọlé díẹ̀, ó há gádígádí. Faransé ni férémù náà. Reynolds ń ta páìpù fáwọn Faransé bó ṣe ń tà á fáwọn ará ilé. Peugeot PX-10, kẹ̀kẹ́ eré-ìje Faransé táwọn olólùfẹ́ kẹ̀kẹ́ ń wá kiri, 531 náà ni wọ́n fi ṣe é.

Àmì ara páìpù kì í sọ ìlú tí wọ́n ti ṣe férémù. Àwọn ihò àti ìkọ́ kéékèèké tí ojú máa ń fò dá ló ń sọ ọ́, àwọn ló sì máa sọ iye tẹ́ ẹ ṣì máa ná lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rà á tán.

Ihò pẹ́dà

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nìyí, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń gbówó lórí jù.

Gẹ̀ẹ́sì: fífẹ̀ mílímítà 68 láti ọ̀tún dé òsì, tíréèdì ínṣì 1.37 × 24 (ìbú ife jẹ́ ínṣì 1.37, ìlà tíréèdì 24 ló wà nínú ínṣì kan). Ife apá ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, ń yí sósì wọlé.
Ítálì: fífẹ̀ mílímítà 70, tíréèdì mílímítà 36 × 24 (ìlà 24 nínú ínṣì kan). Ife méjèèjì ń yí sọ́tùn-ún wọlé.
Faransé: fífẹ̀ mílímítà 68, tíréèdì mílímítà 35 × 1 (mílímítà 1 láti ìlà kan sí èkejì). Méjèèjì ń yí sọ́tùn-ún wọlé.

Bí ife bá ṣì wà nínú férémù, ẹ fi àkísà nu gíríìsì ojú rẹ̀ kúrò. Wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà sí i: 1.370 × 24, 36 × 24 tàbí 35 × 1. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìyẹn, àríyànjiyàn parí. Bí wọ́n bá ti yọ ife kúrò, kálípà, irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má fojú díwọ̀n mílímítà 2.

Yíyí sósì yẹn nídìí. Bí èèyàn ṣe ń wa pẹ́dà, ife apá ọ̀tún tó bá ń yí sọ́tùn-ún wọlé máa ń fẹ́ tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì kì í tú. Ti Ítálì àti Faransé, àfi kẹ́ ẹ fún un le koko, kẹ́ ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn Motobécane kan, kẹ̀kẹ́ Faransé, tún wà tó jẹ́ pé ìwọ̀n Faransé ni, àmọ́ apá ọ̀tún ń yí sósì: tíréèdì Swítsálándì nìyẹn, ife rẹ̀ sì wọ́n bí imí eégún.

Ó ku Raleigh, orúkọ tí bàbá wa mọ̀ nílé, tí wọ́n ń gùn lọ sóko àti sọ́jà. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe ní Nottingham, ìlà tíréèdì 26 nínú ínṣì kan ló ní dípò 24. Gẹ̀ẹ́sì ni lóòótọ́, síbẹ̀ ife Gẹ̀ẹ́sì tó wà lọ́jà kò ní wọ̀ ọ́.

Ẹnu ibi tí ọ̀pá ìjókòó ń wọ̀

531 tó dáa ti Gẹ̀ẹ́sì àti páìpù Columbus SL ti Ítálì, mílímítà 27.2 ni wọ́n sábà máa ń gbà. PX-10 ń gba 26.4. Ẹ wo sísán tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí bóòtù ti ń fún páìpù pọ̀. Ó yẹ kí ètè méjèèjì jìnnà síra bákan náà látòkè délẹ̀. Bí òkè bá ti pa ẹnu pọ̀ tí ìsàlẹ̀ sì yà gbàgà, ẹnì kan ti ki ọ̀pá tó tín-ín-rín jù bọ̀ ọ́, ó sì fi bóòtù fún un títí irin fi tẹ̀. Ó ṣeé tún ṣe, àmọ́ ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san.

Ẹnu ibi tí táyà ẹ̀yìn ń wọ̀

Férémù eré-ìje Ítálì àti ti Gẹ̀ẹ́sì tó dáa sábà máa ń ní ẹnu tí Campagnolo, ilé iṣẹ́ Ítálì, ṣe: ihò tí wọ́n ń so gíà mọ́ ní tíréèdì mílímítà 10 × 26 (ìlà 26 nínú ínṣì kan). Ti Simplex, ilé iṣẹ́ Faransé, tó wà lára ọ̀pọ̀ férémù Faransé, ihò rẹ̀ dán, kò ní tíréèdì. Gíà Campagnolo tàbí Shimano kò ní wọ̀ ọ́ àfi tí oníṣẹ́ bá gé tíréèdì sí i. Èyí tí kò gbówó lórí kì í ní ihò yẹn rárá.

Tẹ́ ẹ bá rí ihò kéékèèké méjì tó ní tíréèdì lójú ẹnu apá ọ̀tún, kì í ṣe ti mọ́ọ̀dùgáàdì. Portacatena ni wọ́n ń pè é: Campagnolo ṣe nǹkan kan tó ń gbá ṣéènì mú níbẹ̀ tí wọ́n bá ń yọ táyà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n torí ẹ̀ bu owó lé e fún yín.

Ẹ wọn àlàfo ẹnu náà: mílímítà 120 fún gíà ẹ̀yìn 5, 126 fún 6 tàbí 7, 130 fún 8 sókè. Irin ṣeé fẹ̀ díẹ̀. Alumíníọ́mù kò ṣeé fẹ̀, ẹ má dán an wò.

Àwọn gọngọ tó ń rúni lójú

Gọngọ kékeré inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá ọ̀tún: ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣéènì kọ́ tí wọ́n bá yọ táyà, kó má bàa ha ọ̀dà. Èyí tó wà lẹ́yìn páìpù orí, ti pọ́ǹpù ni. Etí tó ní ihò lára fọ́ọ̀kì iwájú, lápá ọ̀tún: iná ni wọ́n ń so mọ́ ọn, ó sì fẹ́ẹ̀ẹ́ dájú pé Gẹ̀ẹ́sì ni, torí apá òsì títì ni wọ́n ń gùn. Ìkọ́ méjì lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tó gbé sípókù dání wà lára kẹ̀kẹ́ ìrìnàjò Jàpáàn bíi Miyata 1000. Tẹ́ ẹ bá rí Jàpáàn tó dáa, ẹ má ṣàníyàn: tíréèdì Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Òun ni mo máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rà. Ti Faransé dáa tó bá pọ́ọ́kú tí ife rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ti Ítálì, ìfẹ́ ló ń ra ìyẹn, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà sí i.

Àwọn ihò tín-ín-rín tó wà lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti fọ́ọ̀kì kì í ṣe àbùkù. Nígbà tí wọ́n ń fi iná jó páìpù pọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná inú rẹ̀ ní láti ríbi jáde. Àmọ́ ẹ gbọn férémù náà: bí ìpẹtà bá ń dà jáde níbẹ̀, omi ti ń gbénú rẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́.

Ibi tó tẹ̀

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ lè tẹ̀ wọnú nítòsí táyà. Bó bá tẹ̀ rọra, tí ọ̀dà rẹ̀ sì dán, ilé iṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ kí táyà lè ráàyè yí. Ti jàǹbá yàtọ̀. Ẹ na àtàǹpàkò sábẹ́ páìpù ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ibi tó ti so mọ́ páìpù orí, kẹ́ ẹ rọra fà á sẹ́yìn. Bí ẹ bá kan òkè kékeré bí ìṣẹ́po aṣọ, tí ọ̀dà ibẹ̀ sì sán wẹ́wẹ́, kẹ̀kẹ́ yẹn ti forí sọ nǹkan rí. Bó tilẹ̀ jẹ́ Colnago, kẹ̀kẹ́ Ítálì olókìkí, mi ò ní rà á.