Àyẹ̀wò Kíndìnrín ní Èkìtì: Ṣé Ilé Ìwòsàn Ńlá ni tàbí Àárín Ìlú?

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín ní Èkìtì. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a dúró de aláìsàn ní ilé ìwòsàn ńlá, irú èyí tí ó wà ní Adó àti ní Ìdó, níbi tí àwọn onímọ̀ nípa kíndìnrín wà. A kò sì lè ṣe aláìní wọn. Ṣùgbọ́n kíndìnrín kì í tètè ké. Kí ẹsẹ̀ tó wú, ó lè ti bàjẹ́ jìnnà, kí ó wá di pé ẹ̀rọ ni yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún nǹkan bíi wákàtí 4 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ wo ní Òmùò ni yóò rí owó ọkọ̀ ìyẹn san, ká má tíì sọ ti ìtọ́jú?

Ọ̀nà kejì, èyí tí mo fara mọ́ jù, ni kí àyẹ̀wò lọ bá àwọn ènìyàn lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló sábà máa ń ba kíndìnrín jẹ́, a sì lè tètè rí méjèèjì. Nọ́ọ̀sì yóò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá elélùbọ́ nídìí ìsọ̀ rẹ̀. Bí ó bá tó 140/90, yóò tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn. Yóò ki pébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ìtọ̀ rẹ̀, bí àwọ̀ ìyeyè ojú pébà náà bá sì di àwọ̀ ewé, ó ṣeé ṣe kí purotéènì, èròjà tí ó yẹ kí ó dúró sínú ẹ̀jẹ̀, ti máa jò sínú ìtọ̀. Bí nọ́ọ̀sì náà bá sì jẹ́ ẹni tí ó gbọ́ èdè Èkìtì dáadáa, yóò lè fi pẹ̀lẹ́tù bi í léèrè oògùn ara ríro tí ó ń lò lójoojúmọ́, èyí tí òun náà lè ṣe kíndìnrín léṣe.

Àmọ́ àyẹ̀wò tí kò ní oògùn nílẹ̀, tí kò sì ní ìwé tí yóò gbé aláìsàn dé Adó tàbí Ìdó, kò tíì tó.